Má Fọ Èyí

Ọdún tí mo wọ ilé ìfọṣọ ọsibítù ní Ògbómọ̀ṣọ́,
èédú la fi ń lọ aṣọ àwọn nọ́ọ̀sì.
Funfun ni gbogbo ẹ̀. Búlúù díẹ̀ nínú omi ìkẹyìn,
ṣítáàṣì, kí ọrùn ẹ̀wù le gan-an
bí ìyàwó tó ń yan ọkọ rẹ̀ lódì.

Ọjọ́ Mọ́ńdè kan ni mo bá a nínú ẹrù Nọ́ọ̀sì Sunyé,
obìnrin Kòríà tó máa ń fi ata àti iyọ̀
ri kábéèjì mọ́ inú ìkòkò, tí yóò máa retí kó kan:
ẹ̀wù kékeré, funfun tó ti ń pọ́n,
okùn méjì níwájú àyà dípò bọ́tìnnì,
àbàwọ́n dúdú láti èjìká dé ìgbúnwọ́.
Mo ní, háà, tàdáwà.
Mo gbé ọsàn wẹ́wẹ́, mo gbé iyọ̀,
mo ti ká apá ẹ̀wù sókè kó tó sáré dé,
tó gbá ọwọ́ mi mú nínú omi.
“Má fọ èyí.”
Yorùbá ẹnu rẹ̀ nígbà náà ò ju ogún ọ̀rọ̀ lọ.
Mẹ́ta nínú ẹ̀ nìyẹn.

Ó tó ọdún mẹ́ta kó tó rí ìyókù sọ.

Ìyá mi ló ni ín, ó ní. Okibun.
Funfun là ń wọ̀ nílẹ̀ wa, lóko, lódò, níbi òkú.
Àwọn ará Jàpáànù tó gba ilẹ̀ ní kò dáa,
ó ń tètè dọ̀tí, ẹ̀ ń fi fífọ rẹ̀ ṣòfò ọjọ́.
Wọ́n gbé korobá tàdáwà dúró lẹ́nu bodè.
Ìyá mi ru ìrẹsì dé, ìrẹsì tí òun gbìn,
tí ọkọ̀ ojú omi ń kó lọ,
tí òun ń fi jéró dí àyè rẹ̀ nínú ìkòkò.
Wọ́n da á lé e. Kò sọ ẹrù kalẹ̀.
Nígbà tó yá, wọ́n gba orúkọ rẹ̀ náà,
wọ́n fún un ní tiwọn.
Àbúrò rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún,
wọ́n ní iṣẹ́ wà nílé ẹ̀rọ òwú, oúnjẹ wà, owó wà.
Mo bi í pé, ṣé ó padà wálé?
Ó ń to bọ́tìnnì sórí tábìlì, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ilé aláró ni wọ́n bí mi sí.
Mo mọ ohun tí funfun ń gbà kó tó dúdú:
ewé èlú, eérú, ọjọ́ púpọ̀,
àti ẹni tó ni aṣọ tó ní, ẹ bá mi rẹ ẹ́.
Èyí tí wọ́n dà lé Okibun, n ò mọ orúkọ tí mo lè pè é.

Àwẹ̀ró ni ìyá mi sọ èmi.
Nínú ìwé owó oṣù, Dọ́káàsì ni.
Òyìnbó ò da nǹkan kan lé mi lórí,
tẹ̀ríntẹ̀rín ló fi kọ ọ́.
Síbẹ̀, bí wọ́n bá pe Dọ́káàsì,
mo ti máa ń dìde kí n tó rántí ẹni tí wọ́n ń pè.

Alẹ́ ọjọ́ kan mo mú un délé.
Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ń lu aṣọ aláró lórí ìtì igi
kó lè dán. Sunyé ò bi ẹnikẹ́ni,
ó jókòó lódì kejì, ó mú kùmọ̀,
ó wọlé sáàárín lílù náà láì ṣì í.
Òun àti àbúrò rẹ̀, ó ní, lórí òkúta, lóru.
Kò sọ bóyá ìyá rẹ̀ ló ń wí.

Ọdún tó fẹ́ máa lọ, ó gbé ẹ̀wù náà wá:
fọ ohun tó yí i ká.
Odindi ọ̀sán ni mo fi fọ̀ ọ́,
mò ń yí àbàwọ́n náà ká
bí ẹni tó ń ro ilẹ̀ yí sàréè ká.
Omi rẹ̀ kò dúdú rárá.
Mo dà á sídìí mángòrò.